A Ń Sanwó Fíìmù, Ṣùgbọ́n Ta Là Ń San Án Fún?

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá lónìí fún gbogbo wa ní Àgọ́-Àrẹ, Tẹdé, Ṣakí àti gbogbo Òkè-Ògùn. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń wo fíìmù. Èmi náà ń wò ó. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí fíìmù ń gbà dé orí fóònù wa, pàápàá àwọn eré alápá púpọ̀ tí a ń pè ní síríìsì, tí a ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó sún mọ́ wa jù. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2024, ìtàn náà padà wá gẹ́gẹ́ bíi síríìsì. Ìtàn Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ni, ìtàn Sàró ahunṣọ tó wá iṣẹ́ dé ìlú onílùú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kó sí wàhálà ààfin. Ẹni tó bá wò ó á rí ilé alámọ̀, á rí ọjà, á rí ẹṣin. Bẹ́ẹ̀, abúlé eléré tí Afọláyan kọ́ fún irú iṣẹ́ yìí, Ìgbójàyè ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, nínú Òkè-Ògùn wa yìí. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ tó ń wo eré yẹn tó ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn mà dára o, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Báwo ló ṣe wá dé ọwọ́ ọmọ náà? Ọ̀pọ̀ wa kò ní Netflix. Ẹnì kan ní ìlú ńlá kan ti gbà á láti orí Telegram. Ó fi áàpù Xender ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ọ̀rẹ́ náà gbé e wá sílé nígbà ọdún, ó dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá èèyàn da orin àti fíìmù sí mẹ́mọ́rì, gbogbo apá rẹ̀ sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà oníṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibẹ̀, fóònù sí fóònù, ó wọ gbogbo agboolé.

Ẹ jẹ́ ká wá ka àwọn tó rówó gbà lójú ọ̀nà yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà gba owó tirẹ̀. Ẹni tó ta mẹ́mọ́rì gba owó tirẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó da fíìmù gba owó, ẹni tó ta epo jẹnẹrétọ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù gba owó, ẹni tó ń bá wa gba iná sí fóònù náà gba owó. Kò sí ìkankan nínú wọn tí a bá du owó rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀ ni ẹni tó ṣe eré náà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ò lówó fíìmù, mo máa ń fẹ́ bi í léèrè pé owó wo ló wá ń ná láti ọjọ́ yìí? Owó fíìmù wà. A ti san án. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Kí fídíò tó dé, ó ṣòro láti jí fíìmù. Inú agolo irin pẹlẹbẹ ńlá ni wọ́n ń ká a sí, ẹ̀rọ bàǹtà-banta ni wọ́n sì fi ń tàn án sára aṣọ funfun. Hubert Ògúnǹdé, tó gbé Aiyé jáde lápá ìparí àwọn ọdún 1970, àti Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, bàbá Kúnlé yìí náà, fúnra wọn ni wọ́n ń gbé fíìmù wọn kiri. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ìwé, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tan fíìmù, wọ́n á ká a padà sínú mọ́tò, ó di ìlú kejì. Wọn kì í fi fíìmù sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olè tó bá fẹ́ jí i, àfi kó gbé agolo sá lọ.

Fídíò ló da gbogbo rẹ̀ rú, Bàbá Sàlá ló sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ jù. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀yin àgbà rántí rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú aago ńlá tó ń gbé kọ́ àyà bí ẹ̀gbà ọrùn àti awò ojú tó fẹ̀ ju ojú lọ. Láti orí pẹpẹ tíátà, ó dé orí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, ó sì pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1982 ó kó owó ńlá jọ, ó yá kún un, ó ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tí oníjìbìtì fi ẹ̀tàn gba gbogbo ohun ìní rẹ̀ ni fíìmù náà sọ. Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí: kí owó tó ná sí fíìmù náà tó padà wọlé, ẹ̀dà fídíò rẹ̀ ti gba ìgboro láìjẹ́ pé òun ló tà á. Inú pálọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wò ó. Ta ló tún máa ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ gbọ̀ngàn? Gbèsè wọ ọ̀rọ̀ náà, gbèsè yẹn sì mì ín lẹ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló dágbére fáyé, àwọn tó ń ròyìn ayé rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sì lè sọ ọ́ tán láìdárúkọ Ọ̀run Móoru àti àwọn tó jí i tà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó kórìíra Bàbá Sàlá nínú gbogbo èyí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i ló jẹ́ kí ọjà ẹni tó jí i tà yá. Ohun tó máa ń ká mi lára jù nínú ìtàn náà nìyẹn.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ní 2014, Kúnlé Afọláyan gbé October 1 jáde, fíìmù tó ná an tó mílíọ̀nù méjì dọ́là. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn onífíìmù ayédèrú fi gbé tiwọn sí ọjà, Afọláyan sì figbe ta. Bóyá ìdí kan nìyẹn tí Netflix fi dùn mọ́ àwọn onífíìmù bíi tirẹ̀ nígbà tó dé: ilé iṣẹ́ náà ń san owó fún eré kí eré tó jáde, ìṣòro olè wá di ti ẹni tó rà á.

Níbí ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń mú mi. Wọ́n á ní, “Tíṣà, bí mo bá da fíìmù sórí fóònù mi, fíìmù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ni mo wá jí?” Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ìbéèrè ọmọ aláìgbọràn. Iṣu tí olè bá wà lóko, ihò ló máa kù síbẹ̀. Fíìmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò fíìmù náà a sì máa sọ àsọdùn: wọ́n á ka gbogbo ẹ̀dà tí a dà bí ẹni pé owó gidi ni a yọ lápò wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó dà á kò jẹ́ rà á láyé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe fíìmù. Gbogbo owó ló ti ń tán kí ẹnikẹ́ni tó wo ìṣẹ́jú kan. Òṣèré, oníkámẹ́rà, káfíńtà tó kan ààfin, ẹlẹ́ṣin, aránṣọ, ẹni tó ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló ru gbogbo ìnáwó yẹn. Ẹ̀dà kejì kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó wá di pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ní díẹ̀díẹ̀, ni owó ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti máa padà. Tí ọmọ kan bá sọ pé ẹ̀dà tí òun mú kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òótọ́ ló sọ. Tí gbogbo wa bá wá ń mú ẹ̀dà kejì, ta ló fẹ́ san ti àkọ́kọ́?

Ilẹ̀ wa ní ìlànà kan tó wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa ní Àgọ́-Àrẹ tí iṣu ti ń ta. Arìnrìn-àjò tí ebi bá pa lójú ọ̀nà lè wọ oko olóko, kó wa iṣu kan, kó dáná sun ún, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa pè é lólè. Bó bá di iṣu sí àpò gbé lọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bó bá gbé e dé ọjà, olè ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́. Ìlànà yìí kò wo iṣu nìkan, ó wo ohun tó gbé èèyàn dé inú oko náà.

Lójú tèmi, báyìí náà ló yẹ ká ṣe fi ojú wo ọ̀rọ̀ fíìmù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní káàdì báńkì, tí kò ní ọ̀nà kankan tó lè fi san owó, tó wo apá kan eré lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, mi ò lè pè é lólè kí ahọ́n mi má yí. Ẹni tó da gbogbo apá síríìsì sórí kọ̀ǹpútà tó ń tà á fún gbogbo ìlú, iṣu ló dì dé ọjà yẹn. Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ wa wà, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Nítorí arìnrìn-àjò tí ebi ń pa nínú oko kan náà lójoojúmọ́, ó yẹ kí olóko bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Òfin ìjọba náà sún mọ́ ọ̀nà yìí ju bí a ṣe rò lọ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà (Copyright Act) tó wà lóde báyìí ni wọ́n ń pè ní ti ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ó fàyè sílẹ̀ fún ìlò tó bójú mu: ìwádìí, lámèyítọ́, ìròyìn, títí kan ìlò ti ara ẹni. Àmọ́ kì í ṣe pé ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wo ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó máa ṣe fún ọjà ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń tà kò ríbi sá sí rárá. Òfin náà tún jẹ́ kí oníṣẹ́ lè kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ẹ̀dà ayédèrú kúrò. Ní ti fíìmù, ẹ̀tọ́ yẹn kì í kú lọ́jọ́ méjì: àádọ́ta ọdún ni, láti òpin ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀run Móoru gan-an, ó ṣì di ìparí ọdún 2032.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ èyí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1984. Àwọn onífíìmù pe Sony lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀rọ Betamax tí àwọn èèyàn fi ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nílé. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ni wọ́n fi dá Sony láre pé ẹni tó gba ètò sílẹ̀ kó lè wò ó nígbà tó bá ráyè kò ṣẹ̀. Ẹni tí NEPA ti mú iná lọ lójú ẹ̀ nígbà tí eré ń dùn lọ́wọ́ á mọ ìdí tí ìdájọ́ yẹn fi bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ètò tí wọ́n ti fún wọn láti wò ni.

Àwíjàre tó lágbára jù lọ́wọ́ wa ni pé ọ̀nà àtisanwó kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò ní fojú di èyí. Ètò Netflix tó rọjú jù, ti orí fóònù, kúrò ní ₦1,600 di ₦2,200 lóṣù ní ọdún 2024, ó sì sábà máa ń béèrè káàdì báńkì tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni dátà. Wíwo fíìmù fún wákàtí kan lè jẹ dátà tó tó gígá mẹ́ta bí àwòrán rẹ̀ bá mọ́ dáadáa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ìjọba gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì kún owó wọn. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000, àgbẹ̀ kò sì ní owó oṣù. Ẹni tó ń ta fíìmù fún ayé tí kò wá bí ará Àgọ́-Àrẹ ṣe lè san owó kékeré, lọ́nà tí ará Àgọ́-Àrẹ ń gbà sanwó, òun náà ní ìpín nínú ẹ̀bi yìí.

Mo tiẹ̀ rò pé ọ̀nà náà ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn. Kenneth Nnebue, tó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì ni. Ṣáájú rẹ̀ ló ti gbé owó sílẹ̀ fún fíìmù Yorùbá, Ajé Ni Ìyá Mi, pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá. Inú ọjà tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì, ojúlówó àti ayédèrú, ni fíìmù àgbéléwò ti hù jáde. Ní Kano, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Brian Larkin kọ ìwé nípa bí àwọn tó ń da fíìmù Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà kọ ṣe di ẹni tó ń pín fíìmù Hausa fún àwọn tó ṣe é, tí wọ́n sì ń jẹ èrè tó mọ́. Ọjà kan náà, ẹ̀rọ kan náà, àwọn èèyàn kan náà. Oníṣọ́ọ̀bù mẹ́mọ́rì tiwa náà tó wà láàárín ìlú mọ gbogbo oníbàárà rẹ̀, ó mọ ẹni tó fẹ́ fíìmù ogun àti ẹni tó fẹ́ fíìmù ìfẹ́. Ó ní ẹ̀rọ, ó ní iná, ó ní ìjókòó. Fíìmù ti ní ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; owó ni kò ní ọ̀nà àbọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Yorùbá tó bá bá irú àwọn ọmọ yìí ṣàdéhùn, kí wọ́n máa dá ìpín kan padà lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan, á rí owó níbi tí ọlọ́pàá kò lè rí nǹkan kan.

Ibì kan wà tí àwíjàre wa kò dé. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ti wà lórí YouTube báyìí, àwọn tó ṣe é ló gbé e síbẹ̀ fúnra wọn, wọn kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìpolówó tó ń jáde láàárín eré ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹni tó bá fi áàpù mìíràn fà á jáde nítorí pé ìpolówó ń yọ ọ́ lẹ́nu, oúnjẹ ẹni tó ṣe eré náà ló ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń gbé fíìmù ẹlòmíràn sórí ojú ìwé tiwọn kí owó ìpolówó lè bọ́ sápò wọn. Ẹ ti rí irú rẹ̀: àwòrán ti dojú kọ òdì, lẹ́tà ara ògiri ń kà láti ọ̀tún lọ sí òsì, ohùn òṣèré ti sáré di ohùn ológbò. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Wọ́n yí i padà kí ẹ̀rọ YouTube tó ń ṣọ́ fíìmù olóhun má baà dá a mọ̀. Tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ wá ojúlówó rẹ̀. Dátà kan náà ló máa jẹ.

Ohun kan ṣì wà tí a ń pàdánù, owó sì kọ́. Netflix ń ka wákàtí tí àwọn èèyàn fi ń wo eré kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé orúkọ àwọn tó gbayì jù jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. YouTube náà ń kà. Ẹ̀dà tó ti inú Xender wá, kò sí ẹni tó kà á. Gbogbo agboolé lè wo Aníkúlápó lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ọmọdé máa fi ẹyẹ àkàlà inú rẹ̀ ṣeré, síbẹ̀ nínú ìwé àwọn tó ń pinnu bóyá kí eré Yorùbá tún wáyé, a kò sí níbẹ̀. Wọ́n á ka Lọndọnu, wọ́n á ka Houston, wọ́n á ṣe eré fún Lọndọnu àti Houston.

Kí n má baà ṣe ìdájọ́ apá kan, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ọ̀pọ̀ ètò tí tẹlifíṣọ̀n wa ṣe láyé ọjọ́sí kò sí mọ́, nítorí pé wọ́n máa ń gba ètò tuntun lé ètò àtijọ́ lórí teepu kan náà. Nínú ohun tó kù, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó gbà á sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ láìgba àṣẹ ló bá wa tọ́jú rẹ̀. Mi ò lè dúró níbí kí n bú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Àgọ́-Àrẹ tàbí agbègbè rẹ̀ tó ní kásẹ́ẹ̀tì eré àtijọ́ bíi Kòtò Ọ̀run tàbí Àrélù tó ti gba eruku nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi nù ún, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra pàǹtí. Ètò wa ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ máa dá lórí bí a ṣe ń tọ́jú irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, àti ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ gba àṣẹ kí a tó tún un gbé sáyé.